ÌYÁ ÀGBÀ NÍ ẸSẸ̀ ÒUN LÒUN YÓÒ FI GUN OLÚMỌ

Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ti rí òkè ní Sango-Ọ̀tà rí? Ilẹ̀ àwọn Àwórì ni, ó sì tẹ́ pẹrẹsẹ. Ilé-iṣẹ́ ńláńlá pọ̀ níbẹ̀ o, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní kí ọmọdé ibẹ̀ fi ibi gíga hàn yín, afárá Sango ni yóò nàka sí. Bí òjò bá sì rọ̀ dáadáa, kálukú ló mọ ohun tí ojú rẹ̀ ń rí.

Wẹ́dà kan wà ní Sango tó ti ń tọ́jú owó díẹ̀díẹ̀ láti fi gbé ilẹ̀ pálọ̀ rẹ̀ sókè nítorí àgbàrá. Owó yẹn gan-an ló fi kó ìyá rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ mẹ́ta wọ mọ́tò lọ sí Abẹ́òkúta lọ́jọ́ Sátidé kan. Kò wù ú kó ná an. Ṣùgbọ́n ọmọ Ẹ̀gbá ni ìyá rẹ̀, ilé ọkọ ló gbé e dé Ọ̀tà, ọdún mẹ́ta gbáko ni màmá sì fi ń sọ ọ́ pé, "Ẹ jẹ́ n gun Olúmọ lẹ́ẹ̀kan sí i kí orúnkún yìí tó kọ̀ fún mi pátápátá."

Wọ́n gba Ifọ̀, wọ́n gba Pápálantó, wọ́n kọjá Ewékorò níbi tí wọ́n ti ń wa òkúta sìmẹ́ǹtì, ó di Abẹ́òkúta. Nígbà tí àwọn ọmọ rí àpáta náà, ẹnu wọn ò lè padé mọ́. Orí rẹ̀ ga tó mítà 137 sí ojú òkun.

Ọmọ ní, "Màámi, ẹ jẹ́ ká wọ ẹ̀rọ tó ń gbéni ròkè." Ọdún 2006 ni wọ́n ṣe ẹ̀rọ náà síbẹ̀.

Màmá yarí. "Ẹ̀rọ wo ló gbé àwọn tó bí mi? Wọ́n pọnmọ, wọ́n rẹrù, ogun ń bẹ lẹ́yìn wọn!"

Bẹ́ẹ̀ ló sì rí. Ní 1830 ni àwọn Ẹ̀gbá tí ogun ti fọ́ ìlú wọn dé abẹ́ òkúta yìí, Ṣódẹkẹ́ ló ṣíwájú wọn. Orúkọ ìlú ò ṣẹ̀yìn èyí.

Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í gùn ún. Àwọn ọmọ ń sáré bí ewúrẹ́. Màmá ń gbé ẹsẹ̀ kan, ó ń sinmi, ó tún ń gbé èkejì. Ọmọ rẹ̀ fẹ́ pọ̀n ọ́n, ó gbá a lọ́wọ́ dànù. Ìyàwó kò sọ nǹkan kan, ó kàn gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ìyá ọkọ rẹ̀ lẹ́yìn. Ẹni tó bá mọ bí àárín ìyá ọkọ àti ìyàwó ṣe ń rí yóò mọ̀ pé kékeré kọ́ nìyẹn.

Wọ́n dé inú ihò àpáta. Ibi tí ìyàwó ti dúró nìyẹn. Òun náà ló ni ẹ̀rọ ìlọta kan ní ọjà Sango. Ó rí àwọn ihò roboto tí wọ́n gbẹ́ sínú òkúta, àwọn amọ̀nà sì ní ibẹ̀ ni àwọn obìnrin ti ń lọ ata lásìkò ogun. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ki ọwọ́ bọ ọ̀kan, ó dé ọrùn ọwọ́ rẹ̀.

"Màámi, ogun ń jà, wọ́n sì ń lọ ata?"

"Ìyàwó mi, ṣé ogun ní kí àwọn ọmọ má jẹun ni?"

Ìyàwó kò fèsì. Ó ń ka àwọn ihò náà lọ́kọ̀ọ̀kan.

Màmá jókòó síbẹ̀, ó ní òun ti débi tí òun ń bọ̀. Bàbá àti àwọn ọmọ gòkè lọ. Wọ́n rí odò Ògùn, wọ́n rí ilé onípáànù tó ti dípẹtà lọ súà, wọ́n rí ilé ìjọsìn Aké. Àbíkẹ́yìn ló kọ́kọ́ sáré padà.

"Ìyá àgbà, a ò rí Ọ̀tà o!"

"Báwo lẹ ṣe fẹ́ rí i? Ilẹ̀ ló wà."

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, òjò rọ̀, omi tún wọ pálọ̀ wẹ́dà. Màmá gbé ẹsẹ̀ méjèèjì lé àga, orúnkún rẹ̀ ti wú, ó ń ròyìn Olúmọ fún àwọn aládùúgbò tó wá bá wọn gbọ́n omi.