Atànja

Àwọn kan nínú yín ti ń bi wá pé kí ló dé tí a ò kọ nǹkan kan láti ìgbà tí a ti dé láti Amẹ́ríkà, àwa tí ẹnu wa kì í dákẹ́ tẹ́lẹ̀. Ẹ má bínú. Ohun tí a fẹ́ kọ nípa rẹ̀ kò ní orúkọ ní Yorùbá, ó sì máa ń ti akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá lójú láti kọ gbólóhùn tí Gẹ̀ẹ́sì pọ̀ nínú rẹ̀ ju Yorùbá lọ. Ìdí mìíràn tún wà, ẹ ó bá a níwájú.

Àwa ìbejì la lọ kí àbúrò bàbá wa, tí a ń pè ní Dádì Kékeré, nínú oṣù Keje. Racine ni wọ́n ń gbé, ní ìpínlẹ̀ Wisconsin, létí adágún Michigan. Àwọn ló sanwó bàálù wa. Ká má purọ́, a bá ìbínú lọ. Nígbà tí a sin bàbá wa, ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, Dádì Kékeré kò wá. Wọ́n fi owó ránṣẹ́, owó náà sì tó owó, ṣùgbọ́n wọn ò wá. Lọ́jọ́ kejì ìsìnkú, tí ilé ṣì kún fún èrò, ẹbí wa kan ṣí Facebook, ó na fóònù sí wa: Dádì Kékeré rèé nínú ọkọ̀ ojú omi, wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì gbé ẹja ńlá kan, ẹja náà ń dán yanran bíi fàdákà, ẹ̀rín sì gba gbogbo ojú wọn. Màmá wa wò ó, wọn ò sọ̀rọ̀. Wọ́n kàn dá fóònù padà fún ẹni tó ni ín. Àwòrán yẹn la gbé sọ́kàn dé Amẹ́ríkà.

Lọ́jọ́ kẹrin tí a débẹ̀, wọ́n jí wa ní aago mẹ́ta ààbọ̀ òru pé a ń lọ pẹja. Wọ́n ti gba ìwé àṣẹ ìpẹja fún wa, pẹ̀lú òǹtẹ̀ tí ìjọba ń tà lọ́tọ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ pa salmon àti trout nínú adágún náà. Àwọn àti òyìnbó àgbàlagbà kan tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ rí ni wọ́n jọ ni ọkọ̀. Oṣù Keje ni o, síbẹ̀ òtútù orí omi mú wa débi tí eyín wa ń gbá ara wọn. Ẹ má sì jẹ́ kí orúkọ náà, adágún, tàn yín: gígùn rẹ̀ tó nǹkan bíi 490 kìlómítà. Ẹni tó dúró létí rẹ̀ kò lè rí òdìkejì. Òkun ni lójú tiwa, àfi pé kò níyọ̀.

Ìpẹja ibẹ̀ kì í ṣe pé kéèyàn ju ìwọ̀ sómi kó jókòó tì í. Ọkọ̀ ló ń rìn jẹ́jẹ́, tó ń wọ́ okùn lẹ́yìn. Àpótí kan tí Dádì Kékeré ṣí ló kọ́kọ́ mú wa lójú. Pátákó ike pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ ló kún inú rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan tó 28 sẹ̀ǹtímítà ní gígùn, wọ́n tẹ̀ ẹ́ díẹ̀ létí méjèèjì, wọ́n sì lẹ bébà dídán mọ́ ọn lára: aláwọ̀ ewé, funfun, aláwọ̀ aró, àti àwọn kan tó ń tàn nínú òkùnkùn bí a bá kọ́kọ́ tan tọ́ọ̀ṣì sí wọn. A ṣebí ìdẹ ni. Wọ́n fi wá rẹ́rìn-ín. Kò ní ìwọ̀ lára rárá, ẹja kan ò sì lè gbé e mì.

Bí wọ́n ṣe ń lò ó nìyí. Wọ́n á so ó mọ́ okùn, wọ́n á tún fi okùn kúkúrú kan, bíi 60 sẹ̀ǹtímítà, so ìwọ̀ mọ́ ìdí rẹ̀. Ìwọ̀ yẹn ni wọ́n fi fọ́nrán dídán bò mọ́lẹ̀ kó lè jọ ẹja wẹ́wẹ́. Ọta òjé kan tó wúwo tó kìlógíráàmù márùn-ún ló ń gbé gbogbo rẹ̀ lọ sísàlẹ̀. Bí ẹja bá ti fà á, okùn á tú kúrò lára òjé, ìjàkadì á bẹ̀rẹ̀. Bí ọkọ̀ ṣe ń lọ, pátákó náà á máa pòòyì lábẹ́ omi, á máa kọ mọ̀nà, á sì máa da omi rú. Ẹja ní ìlà kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara tó fi ń mọ bí omi ṣe ń mì. Kó tó fojú rí nǹkan náà ni ara rẹ̀ ti sọ fún un pé wọ́n ń jẹun níbì kan. Á sáré wá síbi àsè. Kò sí àsè, ẹja kékeré kan ṣoṣo tó ń ta pọ́n-ún pọ́n-ún lẹ́yìn ìmọ́lẹ̀ ló wà níbẹ̀, òun náà ni yóò sì bù jẹ.

Irú kejì wà tó kéré sí i, tí kì í pòòyì, tó kàn ń jù sọ́tùn-ún jù sósì bí ìrù ajá. Dádì Kékeré ní èyí tó pupa nínú rẹ̀ dára fún coho nígbà ìrúwé, tí ẹja ṣì wà lókè omi. Lísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, àwọ̀ pupa ló kọ́kọ́ ń kú. Ìrìn ọkọ̀ gbọ́dọ̀ ṣe wẹ́kú pẹ̀lú, nǹkan bíi kìlómítà mẹ́rin ní wákàtí kan, bí ìrìn ẹni tí kò kánjú. Bó bá yá jù, irú kejì yìí á máa yí gbirigbiri. Bó bá falẹ̀ jù, pátákó ńlá á kàn wà níbẹ̀ bí ewé tó já sómi.

A bẹ̀rẹ̀ sí í wá orúkọ fún un lórí ọkọ̀ náà. (Àwọn olùkọ́ wa, ẹ gbọ́: ẹ̀kọ́ yín ò ṣòfò.) Táyé ní kí a pè é ní mọ̀nà-ẹja. Kẹ́hìndé ní ó jọ orúkọ àìsàn. Dádì Kékeré, tí wọn ò ka Yorùbá kọjá ìwé mẹ́wàá, ló dá sí i láti ìdí ìtọ́kọ̀: "Kí ló ń ṣe? Ṣé kì í ṣe pé ó ń tàn? Ṣé kì í ṣe pé ó ń tan ẹja ni?" A wo ara wa. Tàn ti iná, tàn ti ẹ̀tàn, ohùn ìsàlẹ̀ kan náà. Atànja. Ọ̀rọ̀ tán.

Wọ́n ní àjèjì ni ẹja náà bíi tàwọn. Òótọ́ ni. Trout ńlá kan ló ni adágún náà tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n lamprey tó ń mu ẹ̀jẹ̀ ẹja, àti àwọn apẹja, pa á run níbẹ̀. Ẹja wẹ́wẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní alewife wá láti Àtìláńtíìkì, kò rí ẹni jẹ ẹ́, ó pọ̀ kọjá ààlà, nígbà tó sì di 1967, òkítì òkú rẹ̀ ń rà létí omi. Ìpínlẹ̀ Michigan ti gba ẹyin coho láti Oregon, wọ́n da ọmọ rẹ̀ sódò ní 1966. Chinook tẹ̀lé e lọ́dún kejì. "Kò sẹ́ni tó bi wọ́n léèrè ìwé," ni Dádì Kékeré wí, wọ́n rẹ́rìn-ín, àwa ò rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí ọkọ̀ ń yí padà ni ẹja gbé e. Wọ́n ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé ibi ìyípadà ni kí a máa ṣọ́, torí okùn ẹ̀gbẹ́ òde á yára, tinú á falẹ̀, ìyípadà yẹn gan-an ló máa ń mú ẹja ṣìnà. Chinook ni. Apá Kẹ́hìndé fẹ́rẹ̀ẹ́ yẹ̀ kó tó wọkọ̀. Dádì Kékeré yọ fóònù. "Ẹ gbé e sókè dáadáa. Ẹ rẹ́rìn-ín."

Ọ̀kan nínú wa, a ò ní sọ ẹni tó jẹ́, dáhùn pé: "Bí ẹ ṣe rẹ́rìn-ín lọ́sẹ̀ tí a sin Dádì?"

Wọ́n rọra sọ fóònù kalẹ̀. Ó pẹ́ kí wọ́n tó sọ̀rọ̀. Wọ́n ní àwòrán ọdún tó ṣáájú ni, pé òyìnbó tí wọ́n jọ ni ọkọ̀ ló gbé e síbẹ̀, kò mọ̀ pé wọ́n ń ṣọ̀fọ̀. Wọ́n ní inú yàrá làwọn wà lọ́jọ́ náà, tí àwọn ń wo ìsìnkú lórí WhatsApp, tó ń já, tó ń padà. Wọn ò ní ìwé ìgbélùú nígbà náà. Bí wọ́n bá jáde, wọn ò ní lè wọlé mọ́, iṣẹ́ tí wọ́n fi ń san owó ilé ìwé wa á sì lọ. Wọ́n nawọ́ sí ibi tí odò Root ti wọ adágún. "Tó bá di ìgbà ìwọ́wé, irú ẹja yìí á máa gba ibẹ̀ padà lọ síbi tó ti wá. Tó bá ti padà báyìí, kì í jáde mọ́. Ibẹ̀ ló ń kú sí."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún Màmá?"

"Wọ́n ń sunkún ọkọ wọn, kí n máa ro ẹjọ́ ìwé fún wọn?"

Wọ́n mú atànja funfun kan, wọ́n ń nù ún. Wọ́n ní bàbá wa ló kọ́kọ́ kọ́ àwọn ní irú rẹ̀, ní Ẹ̀pẹ́, nígbà tí wọ́n ṣì kéré: ó máa ń he bébà fàdákà inú páálí sìgá, á wé e mọ́ okùn lókè ìwọ̀. Bàbá wa, tí kì í fẹ́ kí a sún mọ́ omi! A ò gbọ́ ọ rí lẹ́nu wọn.

Táyé gbà á gbọ́, gbogbo rẹ̀. Kẹ́hìndé gba ti ìwé àti ti Ẹ̀pẹ́ gbọ́. Ti àwòrán yẹn, ó ní òun ṣì ń rò ó. A ti jà lé e lórí lẹ́ẹ̀mejì láti ìgbà tí a ti dé.

A mú atànja kan bọ̀. Màmá fi kọ́ ojú fèrèsé ilé ìdáná, ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń yí i. Dádì Kékeré ní àwọn ń bọ̀ nínú oṣù Kejìlá, ìwé ti wà. A jíṣẹ́ náà fún Màmá. Wọ́n dákẹ́ títí, wọ́n ń ro ọbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bi wá bóyá wọ́n máa ń jẹ́ kéèyàn gbé ẹja wọ bàálù.