Dáàmù Claireville: Omi Tó Wà Lókè Rexdale

Ní ojú-ìwé yìí a fẹ́ mú ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin ọmọ wa rìn dé ibì kan tí kò jìnnà rárá. Kò ní gba páálí ìrìnnà, kò ní gba owó ọkọ̀ òfuurufú. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Highway 427, lókè Finch Avenue, ìsédò kan wà níbẹ̀, ohun tí gbogbo wa ń pè ní dáàmù. Claireville ni orúkọ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń gba 427 lọ síbi iṣẹ́ láti ogún ọdún, a kò sì yà wò ó rí.

Ẹni tó bá ti rí dáàmù Kainji nílé máa rẹ́rìn-ín tó bá rí i. Kò ga. Kọ́ńkéré ni, ó ní àwọn ilẹ̀kùn irin tí wọ́n lè ṣí tí wọ́n sì lè pa dé, adágún omi wà lẹ́yìn rẹ̀, igbó àti pápá sì yí adágún náà ká. Àwọn ẹyẹ pẹ́pẹ́yẹ igbó ló máa ń kí yín káàbọ̀. Odò tí wọ́n sé níbẹ̀ ni West Humber. Bó bá ti kúrò níbẹ̀, á gba ẹ̀yìn ilé-ẹ̀kọ́ gíga Humber kọjá, ibi tí ọgbà igi ńlá Humber Arboretum wà, á la àárín Rexdale kọjá lọ bá odò Humber gan-an, wọ́n á sì jọ ṣàn lọ sínú adágún Ontario.

Àwọn ọmọ wa bi wá léèrè pé, kí ni dáàmù yìí wá ń ṣe? Ìbéèrè gidi ni. Kì í ṣe iná mànàmáná ló ń pèsè. A kì í sì í mu omi rẹ̀, nítorí inú adágún Ontario ni omi ẹ̀rọ Toronto ti ń wá. Ẹ wo ilé-ìwé nígbà tí agogo bá lù pé ó tó àkókò àtilọ sílé. Bí gbogbo ọmọ bá jọ sáré gba ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo, ẹnìkan á ṣubú, wọ́n á sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n bí tíṣà bá dúró lẹ́nu ọ̀nà, tó ń jẹ́ kí wọ́n jáde ní méjì-méjì, gbogbo wọn á dé ìta láìfarapa. Dáàmù Claireville ni tíṣà yẹn. Nígbà tí òjò ńlá bá rọ̀, tàbí tí yìnyín bá yọ́ lẹ́ẹ̀kan náà nígbà tí òtútù ń kásẹ̀ nílẹ̀, ó máa ń dá omi dúró díẹ̀, á sì máa tú u sílẹ̀ ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Ọ̀rọ̀ ikú ló bí i o. Ní alẹ́ ọjọ́ 15 oṣù kẹwàá ọdún 1954, ìjì líle kan tí wọ́n ń pè ní Hazel dé Toronto. Òjò ti rọ̀ tẹ́lẹ̀, ilẹ̀ ti mu omi yó, kò lè gba òmíràn mọ́. Omi tó ju 200 mílímítà lọ rọ̀ láàrin ọjọ́ kan. Odò Humber kúrò ní odò, ó di ẹranko. Ní òpópónà kan tó ń jẹ́ Raymore Drive, lẹ́bàá Weston, kò jìnnà sí wa níbí, èèyàn 35 ló kú lóru ọjọ́ yẹn. Omi gbé ilé tòun ti àwọn tó wà nínú rẹ̀. Àwọn panápaná márùn-ún tó jáde lọ gba èèyàn là kò padà sílé. Àpapọ̀ àwọn tó kú ní ìpínlẹ̀ Ontario jẹ́ 81. Bí ẹ bá lọ sí Raymore lónìí, ẹ kò ní rí ilé kankan létí odò níbi tí àjálù náà ti ṣẹlẹ̀. Ọgbà ìtura ni wọ́n fi ibẹ̀ ṣe, wọ́n sì fi òfin dè é pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tún kọ́lé síbẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ìjọba gbọ́n. Ní 1957 wọ́n dá àjọ kan sílẹ̀ tí yóò máa bójú tó odò àti àfonífojì, òun ni wọ́n ń pè ní Toronto and Region Conservation Authority lónìí, TRCA. Ní 1959 wọ́n ṣe ètò lórí bí wọn yóò ṣe kápá omíyalé. Dáàmù púpọ̀ ló wà nínú ètò náà, ìwọ̀nba díẹ̀ ni wọ́n rí kọ́. Claireville parí ní 1964. G. Ross Lord, tó wà nítòsí Finch àti Dufferin, parí ní 1973. Ilẹ̀ tí wọ́n rà létí odò tí wọ́n sì fi sílẹ̀ láìkọ́lé sí, lójú tiwa, ó ṣe pàtàkì ju dáàmù lọ. Ilẹ̀ tí kò sí èèyàn lórí rẹ̀, omi kò lè pa èèyàn níbẹ̀.

Àwa tí a dàgbà ní Ìbàdàn kò nílò kí ẹnìkan ṣàlàyé èyí fún wa. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, nígbà tí a wà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, Ògùnpa ya wọ ìgboro. Ju ọgọ́rùn-ún èèyàn lọ ló bá a lọ. Ilé, ṣọ́ọ̀bù, mọ́tò, gbogbo rẹ̀ ni omi ń yí kiri bí igbá. Ìdí rẹ̀ kò farasin: a ti kọ́lé sí ojú odò, a sì ti da ìdọ̀tí dí ọ̀nà rẹ̀. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011 ó tún ṣẹlẹ̀, omi kún dáàmù Ẹlẹ́yẹlé ní àkúnwọ́sílẹ̀, àwọn afárá já, ó sì tún ju ọgọ́rùn-ún èèyàn tó kú. Ọdún 1942 ni Ẹlẹ́yẹlé ti wà níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n kọ́ ọ, ẹ̀yìn odi ìlú ni. Ìlú ló rìn lọ bá a.

Ibi tí a ń lọ gan-an nìyẹn. Nígbà tí wọ́n kọ́ Claireville, oko ló pọ̀ jù ní àyíká rẹ̀. Dáàmù oko ni. Ẹ wá wo Brampton lónìí! Ilé ti bo orí oko, lókè àti nísàlẹ̀. Ilẹ̀ oko máa ń fa omi mu, ṣùgbọ́n ọ̀dà títì àti òrùlé kì í fa nǹkankan mu, kíá ni wọ́n á da omi sódò. Èyí ni pé dáàmù kan náà ni, iṣẹ́ rẹ̀ ló pọ̀ sí i, àwọn tí ewu rẹ̀ lè kàn sì pọ̀ sí i. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ kì í fi gíga dáàmù díwọ̀n ewu rẹ̀ nìkan, iye èèyàn tó ń sùn sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n máa ń kà. Dáàmù lè wà láìsún ẹsẹ̀ kan, kí ewu rẹ̀ máa ga lọ́dọọdún.

Báwo ni dáàmù ṣe ń bàjẹ́? Omi lè gba orí rẹ̀ kọjá, kó máa wọ́ erùpẹ̀ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ. Omi lè rí ihò kékeré, ihò tí ẹranko gbẹ́ bí òkété nílé, tàbí ibi tí gbòǹgbò igi ti jẹrà, kó máa gba abẹ́ lọ láìsí ẹni tó rí i. Igi àti pàǹtírí lè dí ẹnu ọ̀nà omi. Ilẹ̀kùn irin lè dípẹtà, kó kọ̀ láti ṣí lọ́jọ́ tí a nílò rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ẹni tó ń bẹ dáàmù wò déédéé lè rí kó tó di ńlá. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2024, dáàmù Alau já nítòsí Maiduguri, ọ̀kẹ́ àìmọye èèyàn ló di aláìnílé.

Iṣẹ́ ìṣirò owó ni iṣẹ́ wa, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bí a ṣe ń rí i. Dáàmù tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa kì í mú owó wọlé. Nínú ìwé ìṣirò, ìnáwó ṣáá ni: ọ̀dà, irin, owó ẹni tó ń ṣọ́ ọ. Omíyalé tí kò ṣẹlẹ̀ kì í ní ìlà tirẹ̀ nínú ìwé. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé bí owó bá kúrú, owó àtúnṣe ni àwọn aláṣẹ kọ́kọ́ máa ń gé. Claireville ti lé ní ọgọ́ta ọdún báyìí. Nígbà tí ẹni tó ń wá ìbò bá kan ilẹ̀kùn yín, ẹ bi í ní ti dáàmù yìí pẹ̀lú. Ọ̀rọ̀ owó-orí nìkan kọ́.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé dáàmù kékeré lè gba gbogbo omi irú Hazel dúró. Ní oṣù kẹjọ 2005, òjò ọ̀sán kan ṣoṣo gé Finch Avenue sí méjì nítòsí Jane, títì wó sínú Black Creek. Ní ọjọ́ 8 oṣù keje 2013, mílímítà 126 rọ̀ ní pápákọ̀ òfuurufú Pearson, tó wà létí wa níbí. Púpọ̀ nínú wa ló ń gbé bésímẹ́ǹtì, tàbí tó fi í háyà fún ọmọ ìlú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ẹ lọ ka ìwé ìnṣọ́ránsì yín lálẹ́ òní. Kó tó di 2015, onílé ní Canada kò lè rí ìnṣọ́ránsì rà fún omi odò tó bá ya wọlé. Nísinsìnyí ó wà, ṣùgbọ́n ẹ ní láti béèrè fún un kẹ́ ẹ sì san owó rẹ̀ lọ́tọ̀. Má fi “mo ti ní ìnṣọ́ránsì” tan ara rẹ o.

Ẹ̀yin ọmọ wa, bẹ́ ẹ bá lọ síbẹ̀, ẹ má gun orí dáàmù, ẹ má rìn lórí yìnyín adágún náà, ẹ má sì sọ̀kalẹ̀ lọ ṣeré sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ bí omi tilẹ̀ mọ níwọ̀n kókósẹ̀. Bí wọ́n bá ṣí ilẹ̀kùn, omi kì í ké sí ẹnikẹ́ni kó tó dé. Ọjọ́ tó dára jù láti rìn síbẹ̀ ni ọjọ́ Sátidé tí òjò kò rọ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti Humber Arboretum, ẹ tẹ̀lé etí odò, ẹ wọ bàtà tó nípọn, ẹ sì mú àkàrà dání, nítorí kò sí ibi tí wọ́n ti ń ta nǹkan jíjẹ létí odò. Ẹ wo ara igi tó wà lẹ́bàá omi. Koríko gbígbẹ tí ẹ bá rí tó so rọ̀ sórí ẹ̀ka, tó ga ju orí yín lọ, kì í ṣe ẹyẹ ló gbé e síbẹ̀.