Ohun Tó Ń Jẹ Ìgò Oníke

Kòkòrò àìfojúrí tó ń jẹ ike PET, èyí tí wọ́n fi ń ṣe ìgò omi àti mínírà, kò ti inú ilé ìwádìí jáde. Ẹ̀gbẹ́ ilé-iṣẹ́ kan tó ń tún ìgò lò ní ìlú Sakai, ní Jàpáànù, ni wọ́n ti bá a, nígbà tí wọ́n kó 250 àpẹẹrẹ ilẹ̀, ẹrẹ̀ àti omi ìdọ̀tí jọ. Ní 2016 ni ìròyìn rẹ̀ jáde. Ideonella sakaiensis ni wọ́n sọ ọ́. Ọ̀nà ààtàn ni orúkọ ìlú náà gbà wọnú ìwé sáyẹ́ǹsì.

Nínú ooru ìwọ̀n 30, tí kò ju ti ọ̀sán lásán ní Ìbàdàn, kòkòrò náà ń lo ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lórí ike tín-ín-rín bí awọ àlùbọ́sà. Ẹni tó ra mínírà nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ a máa mu ún tán kí ọkọ̀ iwájú tó ṣí.

Ẹ́ńsáìmù tí kòkòrò yìí fi ń jẹ ike kì í ṣe kòkòrò. Kò ní ẹ̀mí. Irinṣẹ́ kòkòrò ni. Ẹni tó bá ń jẹ iṣu láìtètè gbé e mì, adùn kan á yọ lẹ́nu rẹ̀ tí kò sí níbẹ̀ nígbà tó bu òkèlè: ẹ́ńsáìmù inú itọ́ ló ti ń gé iṣu di ṣúgà. Kò sí ìwé ìròyìn tó gbé ìyẹn.

Alápatà tó mọṣẹ́ kì í bá eegun jà. Oríkèé ló ń wá. Ike PET ní oríkèé jákèjádò ara, ibẹ̀ ni ẹ́ńsáìmù ń ki ọ̀bẹ bọ̀. Ọ̀rá píọ́ wọ́tà kò ní irú oríkèé bẹ́ẹ̀. Ọ̀rá píọ́ wọ́tà ló sì kún gọ́tà.

Ní 2018, àwọn onímọ̀ ní Portsmouth, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àti ní Amẹ́ríkà fẹ́ mọ bí ẹ́ńsáìmù Sakai ṣe ń ṣiṣẹ́. Wọ́n yí ibì kan padà lára rẹ̀ láti fi wádìí. Ṣe ló tún yára sí i. Èèṣì ni, wọn kò sì fi pamọ́.

Ẹ́ńsáìmù tó yára jù ú lọ kò bá ike pàdé rí. Inú ewé tó ń jẹrà ni wọ́n ti rí i. Awọ dídán tí kì í jẹ́ kí òjò rin ewé ni oúnjẹ rẹ̀. Wọ́n tún un ṣe ní Toulouse, ní Faransé, wọ́n sì kéde ní 2020 pé ó tú ìdá 90 nínú 100 ike ká láàárín wákàtí mẹ́wàá, nínú ooru ìwọ̀n 72.

Ọ̀pọ̀ ẹlẹ́kọ ló ti fi ewé sílẹ̀ fún ọ̀rá. Ewé ń tètè bàjẹ́, ni wọ́n ń wí.

Wọn kì í gbé ìgò síwájú ẹ́ńsáìmù bẹ́ẹ̀ lásán. Wọ́n á rún un, wọ́n á yọ́ ọ, wọ́n á mú un tutù lójijì kí ara rẹ̀ má baà le jù. Àlejò tí wọ́n pè wá jẹ àjẹkù, wọ́n tún ń se àjẹkù náà fún un. Bó ti ń jẹ ẹ́ ni ásíìdì ń pọ̀ nínú ìkòkò, kọ́sítíìkì àwọn olóṣẹ ni wọ́n sì fi ń pẹ̀tù sí i.

Lára àwọn tó bá Carbios, ilé-iṣẹ́ Faransé tó ń ṣe iṣẹ́ yìí, da ọwọ́ pọ̀ ni PepsiCo, Nestlé Waters àti Suntory. Ní 2021 wọ́n fi èso rẹ̀ han aráyé. Ìgò oníke ni.

Ní 2024 Carbios fi òkúta ìpìlẹ̀ ilé-iṣẹ́ kan lélẹ̀ ní Longlaville, ní Faransé, tí yóò máa jẹ 50,000 tọ́ọ̀nù lọ́dún. Kí ọdún náà tó parí, wọ́n sún iṣẹ́ síwájú nítorí owó.

Whinfield àti Dickson, tó kọ́kọ́ ṣe PET ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1941, aṣọ ni wọ́n ń wá. Ẹni tó bá wọ pọlísítà, tó jẹ́ PET kan náà, lọ sípàdé lórí ìgò oníke, ìgò ló wọ̀ lọ.

Nathaniel Wyeth ló gba ìwé àṣẹ ìgò PET ní 1973. Ayàwòrán ni Andrew, àbúrò rẹ̀. Àwòrán Andrew wà nínú ilé tí wọ́n ti ń wọn ooru àti ìmọ́lẹ̀, kó má baà bàjẹ́. Iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n wà létí òkun, ẹnikẹ́ni kò ṣọ́ ọ.

Ìdérí ìgò kì í ṣe ike kan náà pẹ̀lú ìgò. Ẹ́ńsáìmù kò mọ̀ ọ́n. Àwọn ọmọdé mọ̀ ọ́n dáadáa: táyà ọkọ̀ tí wọ́n fi agolo mílíìkì ṣe ni.