Òkè Iyanrìn Nebraska, Ilẹ̀ Tí Ọ̀nà Márosẹ̀ Fi Pamọ́

Bí ẹ bá sọ fún ẹni tó ti fi mọ́tò la àárín gbùngbùn Amẹ́ríkà kọjá rí pé ẹ fẹ́ gba ìpínlẹ̀ Nebraska, ìmọ̀ràn tí yóò kọ́kọ́ gbà yín ni pé kí ẹ rọ epo kún táǹkì, kí ẹ sì tẹná mọ́ ọkọ̀. Yóò ní kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Òpópónà márosẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Interstate 80 gùn tó máìlì 455 nínú ìpínlẹ̀ náà, ó sì tẹ́ pẹrẹsẹ. Àgbàdo wà lọ́tùn-ún, sóyà wà lósì, àká onírin gogoro ń yọ lọ́ọ̀ọ́kán, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa rí títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Ọmọ Yorùbá tó bá ti Chicago lọ kí ẹbí rẹ̀ ní Denver, ibẹ̀ ni yóò gbà. Yóò dé ilé, yóò sì sọ pé òun kò rí nǹkan kan.

Kò purọ́. Àlejò lójú, kò fi ríran, bẹ́ẹ̀ làwọn àgbà wí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Nebraska kọjá ti ojú àlejò, nítorí ọ̀nà fúnra rẹ̀ ló ti yan ohun tí àlejò máa rí. Etí odò Platte ni ọ̀nà yẹn ń tọ̀. Láti bí ọdún 1840 ni àwọn tó ń kó ẹbí àti ẹrù lọ sí Oregon àti California ti ń gba etí odò náà, kẹ̀kẹ́ ẹrù tí màlúù ń fà ni wọ́n sì ń lò. Màlúù tó ń fa ẹrù kì í fẹ́ òkè. Ní 1860, àwọn ẹlẹ́ṣin Pony Express tó ń gbé lẹ́tà sáré gba ọ̀nà kan náà. Lẹ́yìn wọn ni iléeṣẹ́ Union Pacific tẹ́ ojú irin síbẹ̀, torí rélùwéè náà kì í fẹ́ òkè. Nígbà tí ìjọba wá la ọ̀nà mọ́tò ńlá, tí wọ́n parí ti Nebraska ní 1974, ibi tó tẹ́jú yẹn náà ni wọ́n gbé e gbà. Láti ìgbà náà títí di òní, ilẹ̀ tó tẹ́jú jù lọ nínú ìpínlẹ̀ náà ni gbogbo èrò ọ̀nà ń rí, òun ni wọ́n sì fi ń júwe gbogbo ìyókù.

Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Ẹni tó bá yà kúrò lórí márosẹ̀ ní ìlú Grand Island, tó bọ́ sí ọ̀nà kékeré tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 2, yóò rí Nebraska mìíràn.

Oṣù Kẹfà ni mo gba ọ̀nà náà, nígbà tí òjò ti rọ̀, tí koríko ti yọ dáadáa. Ojú irin ń bá ọ̀nà náà rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́gbẹ́, rélùwéè tó gùn gbọọrọ sì ń kó èédú kọjá lórí rẹ̀. Bí a bá ti ré Broken Bow kọjá, oko àgbàdo á bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù. Bí a bá fi máa dé abúlé Dunning, kò sí oko mọ́. Òkè ló kù, òkè lẹ́yìn òkè, gbogbo wọn roboto léjìká. Kò sí àpáta lára wọn, igi ò sí, koríko ló bò wọ́n láti ìdí dé orí. Bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́, ojú koríko náà á yí pa dà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, àwọ̀ ewé á di fàdákà, á tún di ewé.

Iyanrìn ni gbogbo òkè náà. Ní gbogbo Amẹ́ríkà, àti ti àríwá àti ti gúúsù, kò sí ibi tí òkìtì iyanrìn ti tẹ́ lọ rẹrẹ tó báyìí. Ó gba ilẹ̀ tó lé ní máìlì onígun mẹ́rin 19,000, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin Nebraska. Àwọn òkìtì mìíràn ga tó 400 ẹsẹ̀ bàtà, àwọn mìíràn sì gùn tó 20 máìlì. Odò àtijọ́ ló gbé iyanrìn náà wá láti ìwọ̀-oòrùn, afẹ́fẹ́ ló sì tò ó jọ. Àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ti rí i pé ní nǹkan bí 800 sí 1,000 ọdún sẹ́yìn, nígbà tí ọ̀dá ńlá mú tí koríko kú, àwọn òkìtì náà ń ṣí láti ibì kan dé ibòmíràn. Koríko ló tún hù pa dà, tó dá wọn dúró.

Mo rí bó ṣe ń dá wọn dúró létí ọ̀nà, níbi tí afẹ́fẹ́ ti gbẹ́ ẹ̀gbẹ́ òkè kan já, tí iyanrìn funfun sì ṣí sílẹ̀ bí egbò lára. Mo kúnlẹ̀ sí ẹnu rẹ̀. Koríko tó wà lókè kò ga kọjá orúnkún mi, ṣùgbọ́n gbòǹgbò rẹ̀ tó fò sóde níbi tí ilẹ̀ ti ya gùn jù mí lọ. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì pọ̀ kọjá kíkà, iyanrìn lẹ̀ mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn yí ká. Mo fi ìka tẹ ibi tí gbòǹgbò wà, kò yẹ̀. Mo sún ọwọ́ díẹ̀, mo tẹ ibi tí gbòǹgbò kò sí, iyanrìn ya wálẹ̀ ṣùrùrù, kò dúró títí ó fi dé ìsàlẹ̀. Irú ojú ihò bẹ́ẹ̀ nìkan ni òdòdó kan tí wọ́n ń pè ní blowout penstemon, aláwọ̀ aró fẹ́ẹ́rẹ́, ti máa ń hù. Ní nǹkan bí 1940, àwọn onímọ̀ ewéko rò pé ó ti parun, kí wọ́n tó tún rí i ní 1968.

Omi ló yà mí lẹ́nu jù. Bí òjò bá rọ̀ sórí òkè wọ̀nyí, iyanrìn á fà á mu lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n omi náà kò nù. Ó ń lọ bá ìṣúra omi abẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Ogallala, tó tẹ́ sábẹ́ ìpínlẹ̀ mẹ́jọ. Abẹ́ àwọn òkè iyanrìn yìí ló ti nípọn jù. Láwọn ibì kan, ilẹ̀ tí omi kún inú rẹ̀ jìn tó 1,000 ẹsẹ̀ bàtà. Níbi tí àfonífojì bá ti rẹlẹ̀ tó, omi náà á yọ síta fúnra rẹ̀, á di adágún. Irú adágún bẹ́ẹ̀ lé ní ẹgbẹ̀rún kan. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, kò sí odò tó ṣàn wọ̀ wọ́n, kò sì sí èyí tó ti inú wọn jáde.

Odò ibẹ̀ pàápàá, omi ìsẹ́lẹ̀rú ló ń bọ́ wọn. Nínú odò Dismal, tó lọ pàdé odò Middle Loup nítòsí Dunning, àwọn ibì kan wà tí iyanrìn ti ń hó nísàlẹ̀ omi, kì í ṣe pé omi gbóná, omi tútù ló ń tì í sókè láti abẹ́ ilẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn odò wọ̀nyí kì í fi í kún ní àkúnjù, tí ọ̀gbẹlẹ̀ kì í sì í mú wọn gbẹ. Òjò ọjọ́ pípẹ́ ni wọ́n ń gbé lọ. Àwọn darandaran ibẹ̀ mọ omi yìí lò. Káàkiri pápá ni ẹ óò ti rí òpó irin tí afẹ́fẹ́ ń yí abẹ̀bẹ̀ orí rẹ̀, tó ń fa omi sínú táǹkì roboto fún màlúù. Mo ki ọwọ́ bọ ọ̀kan tó wà létí ọ̀nà. Oòrùn ọ̀sán ń mú gan-an, ṣùgbọ́n omi náà tutù wọ eegun.

Òfin Kinkaid ti ọdún 1904 fún ẹni tó bá wá gbé ibẹ̀ ní éékà 640. Àwọn tó tú koríko láti gbin ọkà rí i pé iyanrìn gbéra. Ọ̀pọ̀ ta ilẹ̀, wọ́n bá tiwọn lọ. Àwọn tó fi koríko sílẹ̀ fún màlúù ló dúró, àwọn arọ́pò wọn ló sì wà níbẹ̀ títí dòní. Cherry County, ọ̀kan lára àwọn agbègbè ibẹ̀, tóbi ju odindi ìpínlẹ̀ Connecticut lọ, síbẹ̀ èèyàn inú rẹ̀ kò tó 6,000.

Ní Thedford, mo yà sí ọ̀nà 83, mo kọrí sí àríwá. Ilẹ̀ tí ìjọba yà sọ́tọ̀ fún ẹyẹ àti ẹranko láti 1935 wà lọ́nà yẹn, adágún lọ́tùn-ún, adágún lósì, pẹ́pẹ́yẹ ìgbẹ́ sì bò wọ́n. Ìjàpá kan ń sọdá ọ̀nà, karawun rẹ̀ dúdú, ìlà aláwọ̀ ìyeyè tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ sì wà lára rẹ̀. Mo dá ọkọ̀ dúró títí ó fi wọ inú koríko lódìkejì.

Ìlú Valentine ni òkè iyanrìn ti ń parí, odò Niobrara sì ti gbẹ́ àfonífojì jíjìn síbẹ̀. Láti 1991 ni ìjọba àpapọ̀ ti fi 76 máìlì odò náà sábẹ́ ààbò. Igi páìnì ilẹ̀ ìwọ̀-oòrùn àti igi eléwé gbẹrẹgẹdẹ ti ìlà-oòrùn pàdé ní bèbè rẹ̀. Nínú kòtò tútù tó wà ní gúúsù odò náà, igi eléèpo funfun kan ṣì ń hù, tó kù síbẹ̀ láti ìgbà tí yìnyín bo àríwá Amẹ́ríkà; àwọn ìran rẹ̀ tó kù ti lọ jìnnà sí àríwá. Ibẹ̀ ni Smith Falls wà, níbi tí omi ti ń já láti 63 ẹsẹ̀ bàtà, tó ga ju èyíkéyìí lọ ní Nebraska. Inú iyanrìn tí mo ti ń wò bọ̀ ni omi náà ti ń jáde wá.

Ní 1820, ikọ̀ Stephen Long tó wá wo pẹ̀tẹ́lẹ̀ yìí fún ìjọba Amẹ́ríkà pa dà lọ sọ pé aṣálẹ̀ ńlá ni, kò wúlò fún àgbẹ̀. Orúkọ yẹn lẹ̀ mọ́ ọn fún ìgbà pípẹ́. Nígbà tí wọ́n wá fẹ́ fi páìpù epo rọ̀bì Keystone XL la àwọn òkè náà kọjá láti Kánádà, àwọn darandaran àti àgbẹ̀ ibẹ̀ dìde. Wọ́n mọ̀ pé bí epo bá jò sínú iyanrìn, kò sí ohun tó máa dá a dúró kó tó dé omi. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2011, iléeṣẹ́ tó fẹ́ tẹ́ páìpù náà gbà láti darí rẹ̀ gba ibòmíràn, wọ́n sì pa iṣẹ́ náà tì pátápátá ní 2021. Àwọn tó mọ ohun tó wà lábẹ́ koríko yẹn ló kọ́kọ́ dìde gbèjà rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń gba ọ̀nà márosẹ̀ yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọjọ́ kan kún ìrìn àjò yín. Ẹ yà ní Grand Island, tàbí kí ẹ gba ọ̀nà 83 láti North Platte. Ẹ tètè rọ epo, torí ilé epo jìnnà síra wọn. Ẹ má wọ ilẹ̀ onílẹ̀ láìgbàṣẹ, ẹ má sì wa ọkọ̀ gun orí koríko. Bí ẹ bá délé, ẹ sọ ohun tí ẹ rí fáwọn ẹlòmíràn, nítorí ilẹ̀ tí gbogbo ayé bá ti gbà pé kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀, kò ní nira fún ẹnikẹ́ni láti bà á jẹ́.