Ara Mi Kò Gba Lọ́fíńdà

Mo fẹ́ jẹ́rìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú ń tì mí. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ń wọ aṣọ alápá gígùn nínú ooru Lọ́kọ́ja, ìlú tí oòrùn oṣù kẹta ti ń mú èèyàn làágùn lórí ìjókòó. Ọrùn mi, abíyá mi àti apá mi ló ń pọ́n, tó ń yún, tó ń bó. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, bí wọ́n bá ní ká bọ ara wa lọ́wọ́, màá dọ́gbọ́n wá nǹkan nínú báàgì. Lọ́jọ́ tí mo gbọ́ tí ẹnì kan ń sọ lẹ́yìn mi pé àrùn tó ń ranni ni, mo sunkún títí ilẹ̀ fi mọ́.

Dókítà awọ ara ló là mí lóye: òórùn dídùn tí wọ́n ń pò mọ́ ọṣẹ, ìpara àti lọ́fíńdà ni ara mi ń kọ̀. Ó ní kí n jáwọ́ nínú gbogbo ohun tí wọ́n bá pò ó mọ́.

Kàbà, lọ́dọ̀ ìyá ìyá mi, ni mo ti rí ohun tí mò ń lò báyìí. Èèpo kòkó gbígbẹ ni wọ́n ń sun di eérú. Wọ́n á da omi sí i, wọ́n á sẹ́ ẹ, wọ́n á wá se omi eérú náà pọ̀ mọ́ àdí títí yóò fi di ọṣẹ dúdú. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni mo máa ń bù, màá sì fi omi là á dáadáa, torí ọṣẹ tí eérú rẹ̀ pọ̀ jù máa ń ta awọ ara. Bí mo bá wẹ̀ tán, kí omi tó gbẹ lára mi ni mo ti ń fi òrí para. Lọ́dọ̀ àwọn ìyá Tápà lọ́jà ni mo ti ń rà á, èyí tí wọn ò pa láwọ̀ dà. Nínú ooru wa, ńṣe ló máa ń yọ́ bí epo nínú ìgò. Àwọn kan ní ó ń rùn. Òórùn tí ara mi gbà nìyẹn, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Olúwa.

Àmọ́ kì í ṣe gbogbo ohun tó ti oko wá ló bá ara mu o. Ọ̀rẹ́ mi kan fi omi ọsàn wẹ́wẹ́ pa ọrùn, ó bọ́ sínú oòrùn, ibẹ̀ bó, ó sì dúdú fún ìgbà pípẹ́. Omi ọsàn wẹ́wẹ́ àti oòrùn kì í bára wọn gbé lára èèyàn. Ohun yòówù kí n fẹ́ dán wò, inú ìgbọ̀nwọ́ ni mo máa ń kọ́kọ́ fi sí fún ọjọ́ méjì.

Ẹ̀yin tí ara yín ń ṣe bíi tèmi, ẹ má fara pamọ́ mọ́. Ẹ jẹ́ kí dókítà yẹ̀ yín wò kí ẹ tó po ohunkóhun. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń po ọṣẹ dúdú tà, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má fi lọ́fíńdà sí i mọ́.