Bí Ẹ Bá Fẹ́ Pàgọ́ Létí Òkun
Ẹ̀yin ìyá ọmọ Alápòtí, òkun kò jìnnà sí yín. Ẹ gba Lúsàdà dé Àgbárá, ẹ ó sì bọ́ sí títì Àgbádárìgì. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni kí ẹ lọ. Ẹ di àgọ́, àwọ̀n ẹ̀fọn, tọ́ọ̀ṣì, gààrí àti omi mímu. Ẹ tọrọ àyè lọ́wọ́ àwọn onílẹ̀, kí ẹ sì pàgọ́ sókè ibi tí ìgbì ń dé. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ má ṣe fi ọmọdé sílẹ̀ létí omi: omi tí ń padà sí agbami a máa wọ́ àgbàlagbà tí ó mọ̀wẹ̀ lọ. Ẹni tí ó bá mú, kí ó má bá a jà. Kí ó lúwẹ̀ẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ etíkun títí agbára rẹ̀ yóò fi dẹ̀, kí ó tó kọrí sílẹ̀.