Abọ́ Ìyá Wa

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, bí ẹ bá gbọ́ pé àgbàlagbà kan bínú sí ẹ̀wà, ẹ má rẹ́rìn-ín. Èmi ni. Ní Ọjọ́ Ẹtì Rere, 2 oṣù kẹrin ọdún 2021, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin rẹ ẹ̀wà sómi nílé wa ní Ìkòyí, mo bá fárígá.

Ọmọ Àgùdà ni wá. Àwọn baba ńlá wa wà lára àwọn tó bọ́ lóko ẹrú nílẹ̀ Brazil, tí wọ́n padà sí Èkó, tí wọ́n tẹ̀dó sí Pópó Àgùdà. Bí Ọjọ́ Ẹtì Rere bá pé, frejon là ń jẹ. Feijão ni àwọn Pọtogí ń pe ẹ̀wà, ibẹ̀ lorúkọ náà ti wá. A ó se ẹ̀wà títí yóò fi rọ̀, a ó lọ̀ ọ́, a ó sẹ́ ẹ. A ó wá rin àgbọn, a ó fún omi rẹ̀ sí i, a ó fi ṣúgà sí i, a ó máa rò ó lórí iná títí yóò fi ki. Ọbẹ̀ ẹja la fi ń jẹ ẹ́, nítorí a kì í jẹran lọ́jọ́ náà.

Ìyá wa ló máa ń sè é, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló máa ń rin àgbọn. Ẹ ṣáà mọ bí Ìkòyí ti rí: ògiri gíga, géètì irin, ará ilé ọ̀tún kò mọ orúkọ ará ilé òsì. Ìyá wa ò ka ìyẹn sí. Yóò bu frejon sínú abọ́, yóò ní ká gbé e fún ilé yìí, ká gbé e fún tọ̀hún, onígbàgbọ́ àti ìmàle, ọ̀gá àti mẹ́gáàdì.

Oṣù kẹrin ọdún 2020 ni ìyá wa kú. Ìjọba ti sé gbogbo Èkó mọ́lé láti 30 oṣù kẹta nítorí àrùn kòrónà. A ò se frejon kankan lọ́dún náà. Ìyá tó bọ́ gbogbo àdúgbò, àwa mẹ́jọ péré la dúró létí sàréè rẹ̀ ní ìtẹ́ òkú Ìkòyí. Kò sí àìsùn, kò sí ìnáwó. Nígbà tó di oṣù kìíní ọdún 2021, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tẹ̀lé e.

Ìdí tí mo fi yarí nìyẹn. Mo ní, "Sìsí mi, ta ló fẹ́ jẹ ẹ́?"

Ó ní, "Ìwọ rin àgbọn jàre. Bí ẹkún bá ń gbọ̀n ẹ́, máa sun ún síbẹ̀."

Mo rin àgbọn. Mo sì sunkún.

Nǹkan bí aago méjì, wọ́n kan géètì. Mẹ́gáàdì ilé kejì ni, bàbá ará Òkè Ọya kan tórí rẹ̀ ti funfun. Abọ́ ìyá wa ló gbé dání, èyí tí wọ́n fi bu frejon fún un lọ́dún 2019! Ó ní òun fi pamọ́ de Màmá ni. Ìgbà tóun wá gbọ́ pé Màmá ti kú, ojú ń ti òun láti dá abọ́ òfìfo padà. Dàbínù kún inú rẹ̀ dẹ́nu.

Ó ní, "Màmá ò fojú mẹ́gáàdì wò mí rí." Omi bọ́ lójú rẹ̀.

Ẹ gbọ́ ná. Láti ìgbà tí wọ́n ti lọ, kí ni mò ń kà? Àga méjì tó ṣófo. Mo rò pé ẹni mẹ́jọ péré ló ṣọ̀fọ̀ ìyá mi, àṣé ẹnì kan wà lẹ́yìn ògiri tó ń bá wa ṣe é, a ò mọ̀. N kò lè dúpẹ́ pé wọ́n kú, irọ́ ni n óò máa pa. Ṣùgbọ́n wọ́n wà. Ọmọ ìyá yẹn ni mí, àbúrò ọkùnrin yẹn ni mí. Ta ni n bá fi ìyẹn ṣe pàṣípààrọ̀ fún?

Sìsí mi fọ abọ́, ó bu frejon gbígbóná sí i, ó ní kí n gbé e lọ fún bàbá náà. Mo gbé e.

Ẹni tó mọ inú rò ló mọ ọpẹ́ dá. Ẹ̀yin tí ọdún bá bá nínú ọ̀fọ̀, ẹ má paná ààrò yín. Ẹ se oúnjẹ tí wọ́n fẹ́ràn, kí ẹ sì bu ti aládùúgbò.